Bíìtì aláwọ̀ góòlù: ṣé kí n máa pọ́n ọn ni?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bíìtì HSS (irin líle tí wọ́n fi ń ṣe ohun èlò ìgé irin) mílímítà 8 tí wọ́n fi titanium nitride, ìbòrí líle aláwọ̀ góòlù, bò ni mo fi ń lu ihò sára stainless 304 (irin tí kì í dípẹtà). Ìbòrí náà kò ju máíkírọ́ọ̀nù mélòó kan lọ, àmọ́ ó le ju irin abẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, ó kéré tán. Bí mo bá ti pọ́n ọn, góòlù ẹnu rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ti inú kòtò ara bíìtì, níbi tí èérún irin ń gbà jáde, nìkan ló kù. Mo ti dín eré kù sí ìyípo 450 ní ìṣẹ́jú kan, mo ń kán ọ́ìlì sí i, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa, torí bó bá ń fi ara ra irin láìgé e, ojú ibẹ̀ á túbọ̀ le. Síbẹ̀, etí ẹnu rẹ̀ ń di búlúù nítorí ooru. Ṣé kí n máa pọ́n ọn lọ, àbí kí n ra bíìtì oníkóbáltì 5%, tí wọ́n po kóbáltì mọ́ gbogbo irin rẹ̀, tí pípọ́n kò fi lè mú agbára rẹ̀ kúrò? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ ná.