Friday sí Sunday ní Scotland: ọ̀nà wo ni kí tọkọtaya gbà?

Ọkọ Ìyàwó, Manchester

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ gbé mọ́tò jáde ní wíkẹ́ńdì kan lóṣù tó ń bọ̀, àwa méjèèjì nìkan, torí láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, bí òun bá ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ni èmi ń jáde lọ síbi iṣẹ́ tèmi, ẹnu ọ̀nà la ti máa ń kí ara wa. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni ká rẹ́ǹtì mọ́tò ní Manchester lọ́jọ́ Friday, ká wà á lọ sí Isle of Skye, erékùṣù kan ní Scotland, ká padà dé lálẹ́ Sunday, tí àyè bá sì wà ká fojú kan ọ̀nà North Coast 500 (NC500) tí gbogbo ayé ń gbé sórí Instagram yẹn. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà lèmi ní, mi ò tíì pé ọdún kan níbí. Ìyàwó mi ti ṣe tẹ́ẹ̀sì ìlú yìí, ó sì yege. Kí lẹ rí sí i?

Bọ̀dá Glasgow

Àbúrò, ohun tó dáa lẹ rò yẹn, àìmọye tọkọtaya ló ń gbé ilé kan náà nílùú yìí tí wọn ò ráyè wo ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ, ẹ yọ Skye kúrò nínú ti Friday sí Sunday yẹn, NC500 ní tiẹ̀ ẹ tiẹ̀ gbàgbé ẹ̀ ná. Láti Manchester dé Glasgow, bíi wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni bí ọ̀nà bá dùn. Láti Glasgow dé Portree ní Skye, wákàtí márùn-ún míì nìyẹn. Ó ti ń lọ sí wákàtí mẹ́sàn-án, ẹ ò tíì dúró tọ̀, ẹ ò tíì jẹun, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀ ṣe máa rí. NC500 lé ní 500 máìlì, láti Inverness yípo padà sí Inverness, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún ni kẹ́ni tó bá fẹ́ gbádùn ẹ̀ yà sọ́tọ̀. Tí ẹ bá ní ẹ máa fi wíkẹ́ńdì kan lé gbogbo ẹ̀ bá, títì lẹ máa máa wò, ẹ ò ní ráyè ara yín, bẹ́ẹ̀ sì rèé torí ara yín lẹ ṣe ń jáde.

Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ọ̀dọ́ tó bá bi mí ni pé kí wọ́n jẹ́ kí réluwéè gbé wọn gba ibi tó jìn, kí wọ́n wá rẹ́ǹtì mọ́tò níbi tí ọ̀nà ti ń dùn ún wò. Káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní Two Together Railcard, orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ló máa wà lórí ẹ̀, ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì nígbàkúùgbà tí ẹ bá jọ rìn, àfi pé láàárín ọ̀sẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ṣáájú aago 9:30 àárọ̀. Ẹ wọ réluwéè wá sí Glasgow, ẹ gbé mọ́tò níbí, kí ẹ forí lé àfonífojì Glencoe. Bíi 90 máìlì péré ni, wákàtí méjì lé díẹ̀.

Ọ̀nà A82 lẹ máa gbà. Ẹ máa rin ẹ̀gbẹ́ Loch Lomond lọ, omi lápá ọ̀tún yín títí, lẹ́yìn Tarbet títì á wá fún, á máa yí kọ́rọkọ̀rọ, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ẹrù ńlá á máa bọ̀ lódì kejì, ẹ rọra. Tí ẹ bá dé Tyndrum ẹ dúró, ẹ ra epo, ẹ mu tíì gbígbóná, torí lẹ́yìn ibẹ̀ ilé ò pọ̀ mọ́. Àtibẹ̀ lẹ máa bọ́ sí Rannoch Moor, pápá gbalasa tí kò sí nǹkankan lórí ẹ̀ ju àbàtà àti òkúta lọ, ẹ ò sì ní pẹ́ rí i tí òkè méjì á dìde lápá ọ̀tún àti òsì tí títì á wọ àárín wọn. Mo ti ń gbé Scotland tipẹ́, síbẹ̀ mo ṣì máa ń dákẹ́ ni tí mo bá débẹ̀.

Àwọn ibi ìgbọ́kọ̀sí tó kọjú sí òkè mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Three Sisters kéré, ó máa ń tètè kún, ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ìtàn ibẹ̀ náà ò dùn ún gbọ́. Ní February 1692 àwọn sójà wọ̀ sílé àwọn MacDonald ní Glencoe, wọ́n gbà wọ́n lálejò, wọ́n jẹun wọn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ló bá di ìdájí ọjọ́ 13 oṣù yẹn ni wọ́n bá dìde pa àwọn tó gbà wọ́n sílé, nǹkan bí èèyàn 38, àwọn míì tó sá sórí òkè, òtútù ló pa wọ́n. Ilé tí àwọn tó ń tọ́jú ilẹ̀ yẹn ti ń gba àlejò wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ yà síbẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Aberdeen

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Tèmi ni ti iṣẹ́ alẹ́ yẹn. Àbúrò, tí ìyàwó ẹ bá ṣiṣẹ́ mọ́jú Friday, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sítíárì lọ́jọ́ Friday, kódà kó sọ pé kò rẹ òun. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oorun ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kì í kan ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ á ṣì wà lórí epo, ojú á ti pa dé. Òfin títì wọn níbí fúnra ẹ̀ sọ pé kí awakọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì. Kó sùn nínú réluwéè, kó sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ wá jáde ní Saturday tí ara ẹ̀ bá ti balẹ̀.

Ẹ̀kejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, tó bá kó póíǹtì 6, ìyẹn àmì ìjìyà tí wọ́n ń fi sórí láísẹ́ǹsì ẹni tó bá rú òfin títì, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì náà lọ́wọ́ ẹ̀, á tún theory àti road test ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Fóònù tí èèyàn bá dì mọ́wọ́ nídìí sítíárì, póíǹtì 6 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn, pẹ̀lú £200. Torí náà ìwọ ni kí o máa di fóònù mú, kí o máa wo ọ̀nà fún un. Kí ẹ sì ti daunlódù máàpù agbègbè yẹn kí ẹ tó kúrò nílé torí nẹ́tíwọọ̀kì máa lọ.

Ọtí ńkọ́? Ti Scotland le ju ti England lọ láti December 2014, mílígíráàmù ọtí 50 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ 100 ni wọ́n gbà dípò 80. Ẹni tó máa wakọ̀ láàárọ̀ kó má mu rárá lálẹ́, ó tán.

Ọkọ Ìyàwó, Manchester

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí ìyàwó mi létí, ó ní ṣé òun ò wí. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ rẹ́ǹtì mọ́tò yìí gan-an, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé láísẹ́ǹsì Nàìjíríà mi wúlò àbí kò wúlò?

Bọ̀dá Glasgow

Ó wúlò fún oṣù 12 láti ọjọ́ tí o ti di ẹni tó ń gbé ìlú yìí. Tó bá ti pé, ó parí, provisional (láísẹ́ǹsì ẹni tó ń kọ́ mọ́tò) ni, theory ni, road test ni, torí Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá pààrọ̀ láísẹ́ǹsì. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ ẹ pé international permit á sún ọjọ́ yẹn síwájú. Àmọ́ òfin ìjọba lọ́tọ̀, ti ilé iṣẹ́ tó ń rẹ́ǹtì mọ́tò lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa fẹ́ kí láísẹ́ǹsì ti tó ọdún kan lọ́wọ́ ẹni, ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 25 wọ́n á fowó kún owó ẹ̀. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n nípa láísẹ́ǹsì ìwọ àti ti ìyàwó wa níkọ̀ọ̀kan.

Kí ìyàwó wa lọ sórí GOV.UK lọ gba check code, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ mọ́tò máa fi yẹ láísẹ́ǹsì ẹ̀ wò, ọjọ́ 21 ló ń lò kó tó kú. Tó bá jẹ́ ọ́tómátíìkì ló fi ṣe tẹ́ẹ̀sì, ọ́tómátíìkì nìkan ló lè wà, irú ẹ̀ sì máa ń tètè tán, ẹ tètè búùkù. Kírẹ́díìtì káàdì tó ní orúkọ awakọ̀ gan-an lórí ni kí ẹ mú dání, ibòmíì ò ní gba dẹ́bíìtì. Wọ́n á so owó kan mọ́ ọn títí ẹ fi máa dá mọ́tò padà, ẹ jẹ́ kí owó wà níbẹ̀ tó máa tó o.

Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì, ẹ tẹ́tí dáadáa. Tí mọ́tò bá ha, iye kan wà tí ẹ̀yin máa kọ́kọ́ san látinú àpò yín, ó lè tó £1,000 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní káńtà wọ́n á sọ pé kí ẹ san owó lójúmọ́ kí wọ́n lè mú un kúrò. Èyí tí èèyàn bá rà fúnra ẹ̀ lọ́tọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú máa ń dínwó sí ti káńtà gan-an, iyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san, kí wọ́n tó dá a padà fún yín.

Kí ẹ tó ṣí mọ́tò kúrò níbẹ̀, ẹ fi fóònù ya fídíò ẹ̀ yípo. Òjò ló máa ń rọ̀ ní Glasgow, omi ara mọ́tò sì máa ń bo ibi tó ti ha mọ́lẹ̀, àfi tó bá gbẹ. Ẹ mú aṣọ ìnujú, ẹ nu ẹ̀gbẹ́ àti bọ́ńpà gbẹ, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ya rímù táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìkọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí ẹjọ́. Ya gíláàsì iwájú, ya gééjì epo. Bí ẹ bá ń dá a padà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ bi wọ́n ní aago tí wọ́n ń tì ní Sunday, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì àárín ìlú kì í ṣí, ti èèpọ́ọ̀tù ló dáa jù, bọ́ọ̀sì 500 máa gbé yín láti Buchanan Bus Station débẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ mọ́tò, kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí wọ́n máa jẹ 😀 Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má gba hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ gba ilé kékeré tó ní kíṣìnnì. Owó oúnjẹ lápá ibẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, kíṣìnnì ilé ìjẹun sì máa ń tètè kásẹ̀ nílẹ̀, tí ẹ bá dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ẹ̀pà lẹ máa jẹ. Jọ̀lọ́ọ̀fù wà nínú flask, mọ́ínmọ́ín nínú kúlà, ata díndín nínú ike, ó ti tó. Tí ẹ bá fẹ́ dín dòdò, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, ẹ ṣí fèrèsé kíṣìnnì, ẹ tan fáànù orí sítóòfù kí òróró tó gbóná, torí áláàmù èéfín àwọn ilé kéékèèké yẹn ò fẹ́ gbúròó dòdò rárá. Irú àti pànlá ẹ fi wọ́n sílé, òórùn ẹ̀ ò ní tètè lọ, ẹlòmíì máa wọlé lẹ́yìn yín.

Tó bá sì jẹ́ pé owó réluwéè ló pọ̀ jù, kí ló ṣe North Wales? Láti Manchester dé Betws-y-Coed bíi wákàtí méjì ni. Òkè wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, òkè Yr Wyddfa (Snowdon) tó ga ní mítà 1,085 wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ búùkù ibi ìgbọ́kọ̀sí Pen-y-Pass tó wà nísàlẹ̀ òkè náà ṣáájú tàbí kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Ẹ ṣáà rántí pé láti September 2023, àdúgbò tí ilé bá wà ní Wales, máìlì 20 ní wákàtí kan ni eré ibẹ̀, kì í ṣe 30, àfi tí wọ́n bá kọ nǹkan míì síbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Belfast

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un torí àwọn míì tó ń kà á. Ẹni tó bá ń ronú àtiwá sọ́dọ̀ wa wo Giant's Causeway, ẹ káàbọ̀, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n kò sí géètì kankan láàárín Northern Ireland àti Republic of Ireland, kò sí sójà, ohun tí ẹ máa kàn rí ni pé pátákó ẹ̀gbẹ́ títì ti yí láti máìlì sí kìlómítà. Ẹ̀yin tí ẹ fi páálí Nàìjíríà gbélé, físà UK yín ò gbà yín láyè láti wọ Republic, físà Ireland lọ́tọ̀ ni. Derry lọ́dọ̀ wa sí Donegal ní Republic ò jìn rárá, máàpù fóònù lè gbé yín gbabẹ̀ kọjá láìbi yín. Ẹ má fi ìrìn fàájì ba ìwé yín jẹ́.

Ọkọ Ìyàwó, Manchester

Ọlọ́run á bùkún yín o. A ti fẹnu kò, réluwéè sí Glasgow ní Friday, mọ́tò ní Saturday láàárọ̀, Glencoe, ilé kékeré tó ní kíṣìnnì nítòsí Ballachulish. Ó ku ohun méjì. Ìyàwó mi rí ọ̀nà Glen Etive lórí fóònù ó fẹ́ lọ, wọ́n ní mọ́tò kan ṣoṣo ló gbà, báwo ni wọ́n ṣe ń wà á? Wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ kòkòrò kan.

Bọ̀dá Glasgow

Glen Etive, ẹ lọ, ó dáa. Ọ̀nà tóóró ni lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti la àyè kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí mọ́tò ti lè ya fún ara wọn, ẹ máa rí pátákó Passing Place. Tí àyè yẹn bá wà lápá òsì yín, ẹ yà sí i kí ẹni tó ń bọ̀ kọjá. Tó bá wà lápá ọ̀tún, ẹ má sọdá síbẹ̀, ẹ dúró lápá òsì yín níbi tó kọjú sí i gẹ́lẹ́, ẹni tó ń bọ̀ á yà yí yín ká. Ẹni tó bá ń kánjú lẹ́yìn yín náà, ẹ yà kó lọ, kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ sókè kí wọn, wọ́n á kí yín padà. Ẹ má páàkì síbẹ̀ láé nítorí fọ́tò, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìgalà lè fò sójú títì, tí ẹ bá rí ọ̀kan tó kọjá, ẹ má tíì tẹ iná, ìkejì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Kòkòrò yẹn kantíkantí ni, midges ni wọ́n ń pè é, láti May sí September ló ń yọni lẹ́nu, ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ ni tiẹ̀. Ẹ ra Smidge, oògùn tó ń lé e, ní Glasgow kí ẹ tó gbéra, ẹ fi pa ọwọ́, ọrùn àti ẹ̀yìn etí. Tí ẹ bá fẹ́ jókòó síta jẹun, ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, wọn ò lágbára àtifò nínú atẹ́gùn. Ẹ fi nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa lò ránṣẹ́ sí mi tẹ́ ẹ bá ti dé Glasgow Central, mo máa wá pàdé yín níbẹ̀.