Kókósẹ̀ rọ́, apá bó, oòrùn Houston sì ń mú: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹbí, ẹni tó bá mọ̀ kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn. Mo ṣubú lánàá níwájú ilé níbi tí mo ti ń kó àwọn ọmọ sínú mọ́tò, kókósẹ̀ ọ̀tún rọ́, apá òsì sì fi kọnkéré bó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n ti ya X-ray ní urgent care, ilé ìwòsàn tí èèyàn ń yà sí láìgba àpọ́ìntì, eegun ò kán, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti wú gan-an, bàbá wọn iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, èmi ni mò ń gbé wọn lọ súkúrù, lọ bọ́ọ̀lù, lọ kọ́ lílúwẹ̀ẹ́, oúnjẹ tún wà nílẹ̀ tí mi ò tíì sè, ìgbà wo ni mo fẹ́ gbẹ́sẹ̀ sókè? Màámi ti pè láti Ìbàdàn pé omi gbígbóná àti Aboniki ni, kí ẹnìkan wọ́ ọ dáadáa, àwọn urgent care ní áìsì ni. Èwo ni ká ṣe báyìí? Ìkejì, apá tó bó yìí, mi ò fẹ́ kó di àpá dúdú sí mi lára, ti orúnkún mi tọdún tó kọjá ṣì dúdú títí dòní. Ẹnìkan ní kí n máa lo sunscreen, ìpara tó ń dí oòrùn, ṣé àwa aláwọ̀ dúdú náà ń lò ó ni?

Nọ́ọ̀sì Adùnní, Manchester:
Ẹ pẹ̀lẹ́ Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrora. Ẹ bá mi kí Màámi, Aboniki ò burú, àkókò ẹ̀ ni ò tíì tó. Nǹkan tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, ẹ̀jẹ̀ àti omi ló ń ya síbẹ̀, òun ló ń mú un wú, tẹ́ẹ bá wá gbé ooru lé e tẹ́ẹ tún wọ́ ọ, á tún wú sí i ni. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, áìsì ni o. Ẹ wé e sínú táwẹ̀lì, kó má kan awọ lásán torí ó lè jó awọ, kó má ju ogún ìṣẹ́jú lọ, tó bá tó wákàtí méjì sí mẹ́ta ẹ tún un ṣe. Tí áìsì ò bá sí, àpò ẹ̀wà tútù inú fìríísà náà dáa. Bándéèjì, ẹ wé e kó fún díẹ̀, kó má fún débi tí ìka ẹsẹ̀ á fi tutù tàbí kó máa ta yín ṣínṣín. Tẹ́ẹ bá sùn, pílò lábẹ́ ẹ̀.

Tó bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, tí ìrora ẹ̀ ò pọ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kó gan. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà kúrò nílẹ̀, kẹ́ẹ máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ A, B, D títí dé Y, kókósẹ̀ á máa yí gbogbo ọ̀nà láìsí pé ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè máa ṣe é bẹ́ẹ bá ń wo homework àwọn ọmọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn ló ń dùn mí jù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ fi ń tẹ bíréèkì. Tẹ́ẹ ò bá tíì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbì lẹ́ẹ̀kan láìrora, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọmọ ẹnikẹ́ni sínú mọ́tò.

Bàbá Fọlárìn, Maryland:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìyá Ìbejì, ẹ má dákẹ́ síbẹ̀, ẹ sọ fáwọn òbí tó wà nídìí bọ́ọ̀lù yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba iwájú ilé yín kọjá, ẹ̀yin náà á san án padà tẹ́ẹ bá gbádùn. Bàbá wọn náà lè gbé wọn lọ súkúrù láàárọ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé kó tó lọ sùn. Ká tó gbàgbé, tẹ́ẹ bá ní FSA tàbí HSA níbi iṣẹ́, àkáǹtì owó ìwòsàn tí wọn kì í gba owó orí lé, ó ń ra bándéèjì, ó sì ń ra sunscreen tó bá jẹ́ broad spectrum, ìyẹn èyí tó ń dí UVA àti UVB, oríṣi ìtànṣán oòrùn méjì tó ń ba awọ jẹ́, tí SPF ẹ̀, nọ́ńbà agbára ẹ̀, tó 15 sókè, ẹ má fowó àpò rà á.

Àbíkẹ́, Peckham:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Kẹ́mísì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè yìí làwọn èèyàn wa ń bi mí jù. Melanin, èròjà tó mú awọ wa dúdú, ń ràn wá lọ́wọ́ lóòótọ́, oòrùn kì í tètè jó wa bó ṣe ń jó òyìnbó, ṣùgbọ́n awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná ò mọ̀yẹn. Tí ibẹ̀ bá ti wú tó sì pọ́n, awọ wa á máa tú dúdú jáde síbẹ̀, oòrùn á tún wá lé e kún, ohun tó mú orúnkún yín pẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Nísinsìnyí tó ṣì ń ṣomi, ẹ má fi sunscreen sí i rárá. Ẹ fi omi àti ọṣẹ tí ò le fọ̀ ọ́, ẹ fi Vaseline pa á, ẹ bò ó, ẹ má jẹ́ kó gbẹ kó ṣe èèpá, ẹ má sì ṣí èèpá tó bá ṣe. Ó dìgbà tó bá ti pa ẹnu dé kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀ SPF 30 sókè.

Èyí tó máa ń funfun lójú bí ẹni fi ẹfun para, zinc ló wà nínú ẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní àwọ̀, tí wọ́n kọ tinted sí lára, torí iron oxide, èròjà tó fún un láwọ̀, ń dènà ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí tó máa ń mú awọ dúdú dúdú sí i, èyí tí sunscreen tí ò láwọ̀ ò lè dí. Kẹ́ẹ pa á nípọn, kẹ́ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì tẹ́ẹ bá wà níta. Apá òsì yẹn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò mọ́tò, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ò dí UVA tán, nítorí náà bùbá ọlọ́wọ́ gígùn ló dáa jù, ó tún fúyẹ́ lówó. Àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ náà, ẹ wo ara ike, á kọ 40 tàbí 80 ìṣẹ́jú, tó bá ti pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún un pa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ìpara tó ń bó awọ sí àpá yẹn, látọdún 2020 ni wọn ò ti gbà kí wọ́n máa ta hydroquinone, èròjà tó ń bó awọ, lọ́dọ̀ yín láìsí ìwé dókítà.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ọlọ́run á bù kún yín. Bàbá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n bi yín, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òun dúdú látìgbà tí páálí bọ́ lù ú níbi iṣẹ́, ó ti pẹ́, ṣé oòrùn náà ni?

Nọ́ọ̀sì Adùnní, Manchester:
Kì í ṣe oòrùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀, dúdú yẹn á máa bá èékánná hù lọ síwájú, tìsàlẹ̀ á sì mọ́, ó lè tó ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kí ti àtàǹpàkò tó hù tán. Tí kò bá kúrò lójú kan, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tó ti ràn mọ́ awọ ẹ̀gbẹ́ èékánná, dókítà awọ ni kó lọ rí lọ́sẹ̀ yìí. Bob Marley, abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ awọ tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, 1977 ni wọ́n rí i, 1981 ló kú, ẹni ọdún 36. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni irú ẹ̀ sábà máa ń mú lára wa, sunscreen ò kàn án. Kó ya fọ́tò ẹ̀ lónìí, kó tún ya òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, kó fi wé ara wọn. Tí ìlà dúdú kan bá wà níbẹ̀ kí páálí yẹn tó bọ́ lù ú, kó má dúró de oṣù tó ń bọ̀ o.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ó ní ìlà kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti ń pe dókítà báyìí.