Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka political psychology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú tó sì ń hùwà nínú òṣèlú, báwo ló ṣe rí?

Ọmọ Ajílété:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ògbómọ̀ṣọ́ nilé wa. Ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì ni mo ti ń ṣe másítà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbò ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Bàbá mi ṣì gbà pé iṣẹ́ agbani-nímọ̀ràn (counsellor) ni mò ń kọ́.

Owó ìbò, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń ra ìbò, gan-an ni mò ń ṣèwádìí, èyí táwọn èèyàn ń pè ní "dìbò, kóo sebẹ̀" nígbà ìbò gómìnà Èkìtì àti Ọ̀ṣun ní 2018. Ta lẹ máa dúró bi ní Tákíè, nílùú wa níbí, pé ṣó gbowó ìbò ní 2023, tó máa ní bẹ́ẹ̀ ni? Ìyá aláta kan wò mí látòkè délẹ̀: "Ọmọ mi, ẹgbẹ́ wo ló rán ẹ níṣẹ́?" Mi ò tíì béèrè nǹkan kan o, ìwé ọwọ́ mi nìkan ló rí.

Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ gbà kí n bi wọ́n tààrà. Ẹ ó ṣẹ́ gègé pín àwọn èèyàn sọ́nà méjì. Ẹ ó ka nǹkan mẹ́rin fún apá kìíní: wọ́n lẹ pósítà mọ́ ilé yín, ẹ gbọ́ ìpolongo lórí rédíò, ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n wá kí yín nílé. Apá kejì á gbọ́ mẹ́rin yẹn, ẹ ó sì fi ìkarùn-ún kún un: wọ́n fún yín lówó tàbí ẹ̀bùn. Kò sẹ́ni tó máa sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sóun, iye èyí tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n máa sọ. Tí ìpíndọ́gba apá kejì bá jẹ́ 2.3, tí tàkọ́kọ́ jẹ́ 2.0, 0.3 tó fi lé jẹ́ ti ìkarùn-ún, á jẹ́ pé bí 30 nínú 100 ló gbowó tàbí ẹ̀bùn. Èmi tí mo béèrè gan-an ò ní mọ ẹni tó gbà.

Wọ́n ti lo ọgbọ́n yìí ní Nicaragua lẹ́yìn ìbò 2008. Nígbà tí wọ́n bi àwọn èèyàn tààrà, bí 2 nínú 100 ló jẹ́wọ́. Ìṣirò yìí gbé e dé bí 24! Àmọ́ ó ń fẹ́ èèyàn rẹpẹtẹ, owó ọkọ̀ sì ń dun ni.

Ọmọ Aláàfin:
Ajílété, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀yọ́ lèmi ti lọ sí Ìlú Ọba, ọdún kan ni másítà tiwa. Ẹni tó bá rò pé ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá la máa ń tú palẹ̀ ní kíláàsì, kó gbàgbé ẹ̀. Statistics ni láàárọ̀, statistics ni lálẹ́. Sàíǹsì òṣèlú ni mo kà nílé, mo sì jìyà ẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó má kàn máa wá orúkọ kọ́ọ̀sì kiri. Olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tiyín mu ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù. Ní Yunifásítì Stony Brook, New York, inú PhD sàíǹsì òṣèlú ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, PhD ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn lówó oṣù lé lórí, owó ara ẹni lèèyàn sábà fi ń ka másítà. Tówó bá ń dà yín láàmú, PhD ni kẹ́ ẹ tọrọ.