Ta ló ń wo Eurovision nínú wa?

Àníkẹ́ Pàkátà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún karùn-ún mi rèé ní Liverpool, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní Ìlọrin, mi ò gbọ́ orúkọ Eurovision rí, ìdíje orin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń bá ara wọn ṣe lọ́dọọdún. Lóṣù karùn-ún 2022, alẹ́ Sátidé, mo fẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá màmá kan, ló bá ní kí n má pa á, kí n wá jókòó. Bébà wà lórí itan rẹ̀, ó ń kọ máàkì tirẹ̀ fún orin kọ̀ọ̀kan. Ó ní ojú òun ni ẹgbẹ́ olórin ABBA ṣe gbégbá orókè fún Sweden ní Brighton lọ́dún 1974. Nígbà tí àwọn adájọ́ gbé Sam Ryder tó kọrin fún Ìlú Ọba sókè téńté, màmá di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ ń gbọ̀n. Ukraine ló padà gbà á nígbà tí ìbò àwọn ará ìlú dé, Ìlú Ọba ṣe ipò kejì, síbẹ̀ màmá sunkún ayọ̀, torí òdo gbáko ni wọ́n gbà lọ́dún tó ṣáájú.

Ilé bàbá mi ni mo rántí: rédíò lójúde, dadakúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, ń lọ, àwọn àgbà ń jiyàn olórin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkàn mi ò sọ pé mo dá wà. Ẹ sọ tiyín.

Ìyerú Ọ̀kín
Ṣé ti àwọn tó ń wọ ìyẹ́ ẹyẹ kọrin yẹn ni?

Ọmọ Òkèlélé
Àwọn náà ni. Aṣọ wọn ló lé èmi.

Àníkẹ́ Pàkátà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ di ojú kí ẹ fi etí gbọ́ ọ. Ohùn olórí olórin gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde níbẹ̀ gan-an, ìlù ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Orin ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 3, èèyàn orí ìtàgé ò gbọdọ̀ ju 6.

Ọmọ Òkèlélé
Ìṣẹ́jú 3! Odòlayé Àrẹ̀mú onídadakúàdà ì bá ṣì máa júbà.

Alápatà Ìta Àmọ̀dù
Ìyá òyìnbó sunkún torí orin? Mi ò gbà.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ́
Gbà á o, ọ̀gbẹ́ni. Èmi náà sunkún ní 2023, Tánkẹ́ níbí ni mo sì wà. Àbúrò mi ní Helsinki, ní Finland, ló kó o ràn mí. Aago 8 alẹ́ tiwa ni àṣekágbá máa ń bẹ̀rẹ̀, orí YouTube ni mo ti wò ó, mo ti po ẹ̀kọ, mo ti gba agbára sí fóònù, torí mo mọ̀ pé wọ́n á mú iná lọ, wọ́n sì mú un lọ lóòótọ́. Ọmọ Finland yẹn, Käärijä, èdè abínibí rẹ̀ ló fi kọrin. Àwọn ará ìlú tó dìbò fún un ní máàkì 376, wọ́n fún Loreen ti Sweden ní 243. Ẹ wá wo àwọn adájọ́: Loreen 340, Käärijä 150. Bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn! 583 sí 526. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán
Ẹ má bínú, ma, Loreen ló mọ orin kọ jù. Obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì ni, 2012 àti 2023. Ariwo ọjà kọ́ ni orin. Iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ́
Ta ni wọ́n ń kọ ọ́ fún? Ṣé àwọn adájọ́ ni àbí àwa? Tí onídadakúàdà bá dé òde ìyàwó, ta ló ń ná owó fún un?

Ìyerú Ọ̀kín
Èyí wọ̀ mí létí. Àwa ará Ọ̀ffà, ìjàkadì lorò wa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, gbogbo òde ló rí i.

Alápatà Ìta Àmọ̀dù
Mo gbọ́ pé Greece àti Cyprus sábà máa ń fún ara wọn ní 12, máàkì tó ga jù. Ojúsàájú ni. Ṣé Ọ̀ffà máa fún Ẹ̀rìn-Ilé tí wọ́n jọ ń ja ìjà ààlà ní 12?

Ìyerú Ọ̀kín
Jọ̀ọ́, má gbé ìyẹn wá síbí.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán
Orin kan náà ni Greece àti Cyprus ń gbọ́, èdè kan náà. Bí Ìgbómìnà bá gbọ́ orin Ìgbómìnà, ṣé kò ní dìde?

Ọmọ Òkèlélé
Ilẹ̀ Áfíríkà ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Tánkẹ́
Mòrókò nìkan ló ti bá wọn kọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan péré, 1980. Ṣùgbọ́n Destiny tó kọ ọ́ fún Malta ní 2021, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù. Ipò 7 ló ṣe. Láti 2023, àwa náà lè dìbò láti ibí. Èmi gbìyànjú, káàdì báǹkì mi kọ̀.

Ọmọ Òkèlélé
Àníkẹ́, màmá yẹn ńkọ́?

Àníkẹ́ Pàkátà
Ní 2023, Ukraine tó borí ló yẹ kó gbà á lálejò, ṣùgbọ́n Liverpool ló bá wọn ṣe é nítorí ogun. Mo ti màmá nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé Pier Head létí odò, níbi tí wọ́n ti ń ṣàríyá. Aṣọ aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò, bí àsíá Ukraine, ló ní kí n wọ̀ fún òun. Òtútù ń mú, ó kọ̀ ká padà sílé. Kò rí ti 2024. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kó àwọn bébà máàkì yẹn fún mi, wọ́n lé ní ogún, ìkọ̀wé rẹ̀ lára gbogbo wọn. Mo ń kọ tèmi sí ẹ̀yìn wọn.

Alápatà Ìta Àmọ̀dù
Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo gbà báyìí.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ́
Àníkẹ́, ya fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ fa ìlà irú rẹ̀ fún àwọn ìbejì.