Ètò ẹ̀yìn ìdádúró: orúkọ rẹ̀ àti bí a ṣe ń díwọ̀n rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìwé tó ṣáájú tèmi dábàá pé "ọgbọ́n ẹ̀yìn ìsinmi" ni kí á máa pe ètò tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ń yà sórí pátákó nígbà tí wọ́n bá dá eré dúró. Ó tún ní iye bọ́ọ̀lù tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ni kí á fi mọ ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ náà jù. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ìsinmi ni a ti ń pe àlàfo tó wà láàárín abala méjì eré. Ìdádúró yàtọ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni lábẹ́ òfin FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àgbáyé, ìṣẹ́jú àáyá 75 sì ni ní NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láàárín ìwọ̀nba àkókò yẹn, akọ́nimọ̀ọ́gbá á ya ọ̀nà tí kálukú máa gbà sáré, á sọ ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀yìn ìlà, ẹni tó máa dúró digbí kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè já mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́, àti ẹni tó máa jù ú sápẹ̀rẹ̀. Ta ló ń sinmi níbẹ̀? "Ọgbọ́n" náà ti dá ẹjọ́ kí á tó gbọ́ ọ, torí ètò tí kò dáa ṣì jẹ́ ètò. "Ètò ẹ̀yìn ìdádúró" tó.

Ti ìwọ̀n ló ká mi lára jù. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ṣe ń ya ètò, ìkejì náà ń to àwọn tó máa dènà. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀ padà, gbogbo wọn ti wà níkàlẹ̀, kò sí pé a sáré ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀ kí àwọn tó máa dènà tó padà sẹ́bàá apẹ̀rẹ̀ wọn. Bí a bá wá fi ayò ẹ̀yìn ìdádúró wé ti gbogbo eré, a ti rẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹ. Ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá kọlu àwọn tó ti dúró wámúwámú, láìsí ìdádúró kankan, ni ká fi wé e. Ẹgbẹ́ tó ní ajùbọ́ọ̀lù tó dáńgájíá á jẹ ayò láìka pátákó sí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fi ẹgbẹ́ kan wé òmíràn.

Ẹ wo ohun tí Brad Stevens, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ Boston ní NBA nígbà náà, ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, nínú àfikún àkókò eré wọn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Philadelphia. Philadelphia ló ń léwájú, 98 sí 97. Lẹ́yìn ìdádúró, Al Horford ti Boston fi ara dí Robert Covington ti Philadelphia mọ́ ẹ̀yìn lẹ́bàá apẹ̀rẹ̀, Marcus Morris, ẹlẹgbẹ́ Horford, ju bọ́ọ̀lù sókè sí i láti ẹ̀yìn ìlà, Horford gbà á, ó fi í sínú. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 5.5. Boston borí, 101 sí 98. Ká ní bọ́ọ̀lù yẹn yí lórí irin tó sì já bọ́, ṣé ètò náà á ti burú ni? Ó ti gbé ẹni tó ga dé ibi tó súnmọ́ apẹ̀rẹ̀ jù, iṣẹ́ pátákó parí síbẹ̀.

Nítorí náà, irú ayè tí ètò náà ṣí sílẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ wò: ta ló jù ú, láti ibo, ta ló wà níwájú rẹ̀? Ayò ló tẹ̀ lé e, ká sì kà á jálẹ̀ gbogbo sáà, torí ẹyọ kan ò lè jẹ́rìí. Jíju òmìnira tí wọ́n fún wa nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ wá nínú ètò wọlé sí ìṣirò. Bọ́ọ̀lù tó ta padà tí a tún he kò sí níbẹ̀ ní tèmi. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jiyàn lórí èyí.

Ó ku orúkọ tí a máa fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, kó tó bọ́ sọ́wọ́ ìkejì. "Ìkọlù" ni mo ń lò. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀wọ́ mú un wá.