Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì àtijọ́ yẹn: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ẹ ó rántí pé ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan gbé ẹ̀rọ ìlọta tí mo rà fún màámi lọ sí Mákun ní Ṣàgámù, ilé tí mo ti kó kúrò láti 2021. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé báyìí. Wọ́n ní èmi ni mo fún wọn ní àdírẹ́sì yẹn.

Owó mi ti wọlé láàárọ̀ àná, títí kan owó ìfiránṣẹ́. Wọ́n sì ti wá gbé ẹrù wọn.

Ìyá onílé wa àtijọ́ (Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa) ló ya fọ́tò ìwé tó wà lára páálí náà ránṣẹ́ sí mi: nọ́ńbà fóònù mi tuntun wà lókè, ilé àtijọ́ wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dì mú, torí ó fi hàn pé àdírẹ́sì àtijọ́ ni wọ́n so mọ́ nọ́ńbà tuntun. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wọn, mo ní òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sọ pé ìsọfúnni oníbàárà gbọ́dọ̀ péye, kó sì bá ìgbà mu, àti pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí kí wọ́n tún un ṣe. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀.

Ó dùn mí gan-an pé gbogbo àsìkò yẹn, orí ọlọ ni màámi ṣì ń lọ ata.

Ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n má ṣe tẹ bọ́tìnì “mo ti gbà á” fún ẹrù tí kò dé ọwọ́ mi, ẹ ṣé o. Mo ti ra òmíràn ní ọjà Òkè-Àjẹ́.