Irú irin wo ló wà nínú ìgbáròkó mi? Ẹ wá sọ ti yín

Ará Ṣómólú:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. SS ni mí. Ní 2011, orí egungun itan mi ọ̀tún kú, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́. Ohun tó ń bá ọ̀pọ̀ nínú àwa SS fínra nìyẹn. Ní 2012 wọ́n pààrọ̀ ìgbáròkó náà fún mi ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Mainland níbí. Ọmọ ọdún 26 ni mí nígbà náà. Mo jó níbi ìgbéyàwó mi, mo bímọ méjì, mo tiẹ̀ gbàgbé pé irin wà lára mi.

Ọdún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí o, ìró ni. Bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó, á dún kọ́! Dókítà tuntun wo ẹ́síréè. Ó ní abọ́ irin tó wà nínú ìbàdí mi dúró dáadáa, ọ̀pá tó wọnú egungun itan náà dúró, ike tí wọ́n fi tẹ́ inú abọ́ náà ló ti gbó, ó ti fẹ́lẹ́ lápá kan. Tí a bá mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe abọ́ ọ̀hún àti ìwọ̀n rẹ̀, ike nìkan ni wọ́n á pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ike ilé iṣẹ́ kan kì í wọ abọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn. Tí a ò bá mọ̀ ọ́n, ó lè di pé wọ́n á hú abọ́ tó ti so mọ́ egungun, kí egungun sì bá a lọ. Ó ní, "Ẹ lọ gba fáìlì yín wá."

Fáìlì wo? Ilé ìwòsàn náà ti kó kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, òjò sì ti wọ yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Akọ̀wé ibẹ̀ gbé ìwé ńlá kan jáde, ó fi ìka tọ́ orúkọ mi títí ó fi kàn án: "Pípààrọ̀ ìgbáròkó, ọ̀tún." Ó tán! Kẹ̀kẹ́ Márúwá ọkọ mi gan-an ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú ìwé.

Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Nọ́ọ̀sì Ìsàlẹ̀ Èkó:
Aunty mi, ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ọdún kẹrìnlá mi ní tíátà nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí aláìsàn kì í rí, torí oorun ti gbé e lọ. Inú páálí irin kọ̀ọ̀kan la ti ń bá àwọn sítíkà pélébé: orúkọ irin, ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà REF (tó ń sọ irú ọjà tó jẹ́), nọ́ńbà LOT (tó ń sọ àwọn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀), àti àwọn ilà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà. Ọ̀kan yẹ kó wọ fáìlì, ọ̀kan yẹ kó wọ ìwé tíátà. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń ta irin máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa, òun ló ru gbogbo ìwọ̀n wá, èyí tí a bá lò la ó sanwó rẹ̀. Kí n tó bọ́ ìbọ̀wọ́, ọ̀gá yẹn ti lẹ sítíkà tirẹ̀ mọ́ ìwé owó. Ti fáìlì lè sọnù, mo ti bá ọ̀kan lábẹ́ bàtà mi rí. Ti owó kì í sọnù. Ẹ wá ẹni tó ta irin fún wọn ní 2012.

Akọ̀wé Rẹ́kọ́ọ̀dù, Yábàá:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ti sọ ọ́! Irú èyí ló jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ aláìsàn àti nọ́ńbà irin tó wà lára wọn sínú kọ̀ǹpútà níbi tí mo wà. Àwọn ará Sweden ti ń kọ ti orúnkún sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè wọn láti 1975, ti ìgbáròkó láti 1979. England àti Wales bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òyìnbó nìkan ni, Màláwì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2005.

Ìwúlò rẹ̀? Irin ìgbáròkó kan wà tí wọ́n ń pè ní ASR, ilé iṣẹ́ DePuy ló ṣe é. Tí aláìsàn méjì bá padà sọ́dọ̀ dókítà kan nítorí irin yẹn, á ní bóyá bó ṣe rí fún wọn nìyẹn. Ìwé àkọsílẹ̀ Australia, tó ń ka ti gbogbo ilé ìwòsàn pọ̀, ló rí i ní 2007 pé àwọn tí wọ́n ń tún iṣẹ́ abẹ ṣe fún nítorí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà pe irin ọ̀hún padà ní oṣù kẹjọ 2010, ó ti wà lára nǹkan bí 93,000 èèyàn káàkiri ayé. Ibi tí nọ́ńbà wà, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa pè. Àwa ńkọ́?

Kọ̀ǹpútà ò ní wàhálà tó orúkọ. Obìnrin kan jẹ́ Risikat lọ́dọ̀ wa, Rasheedat lọ́dọ̀ dókítà, ó di Ìyá Síkírù ní tíátà. NIN la wá ń gbà báyìí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ọmọ kan, torí nọ́ńbà àwọn ìyá kì í pẹ́ yí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, mo máa ń pe àwọn aláìsàn, kí n bi wọ́n ní ìbéèrè méjìlá tí wọ́n ṣe ní Oxford nípa bí ìgbáròkó tàbí orúnkún wọn ṣe ń ṣe sí, máàkì 0 dé 48. Ọ̀kan nínú ti orúnkún ni pé ṣé ẹ lè kúnlẹ̀ kí ẹ sì dìde? Màmá kan ní Èbúté Mẹ́ta ní, "Mo lè kúnlẹ̀ o, ọmọ mi ni ò jẹ́ kí n kúnlẹ̀, ó ní irin á yẹ̀. Òòró ni mo wá fi ń kí àwọn àna mi, ojú ń tì mí." Máàkì mélòó ni kí n fún un? Kọ̀ǹpútà ò ní àyè fún ojútì.

Ará Ṣómólú:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ọ̀gá tó ta irin ti fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ ló ń bójú tó ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tú páálí. Sítíkà abọ́ mi wà lára ìwé owó, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ti ọ̀pá ò sí níbẹ̀, eku ti jẹ etí ìwé náà. Dókítà ní abọ́ ló ṣe pàtàkì jù fún ohun tí òun fẹ́ ṣe, pé bí òun bá ṣí i, òun á rí ìwọ̀n orí irin roboto tó ń yí nínú abọ́ lára rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni wọ́n ṣe é. Ike nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Kí wọ́n tó gbé mi wọlé ni mo ti ń pariwo sítíkà, àwọn nọ́ọ̀sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún mi ní méjì. Mo ti lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn káàdì genotype mi, èkejì wà lọ́wọ́ màmá mi nínú Bíbélì.